Ta Ló Ń Wá Agbẹ̀bí?

Àwòrán mẹ́ta ni Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tẹ́ sórí tábìlì, ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, oríta ilé-ìwé. Ọkọ̀ agbẹ̀bí nìyí. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ẹ̀, ọkọ̀ púlọ́ńbà nìyí. Oríta ilé ìfìwéránṣẹ́, bákan náà. Orí afárá, àwọn méjèèjì tún rèé. Àtìgbà náà, kò sẹ́ni tó fojú kan obìnrin yẹn mọ́. Òní Ọjọ́bọ̀ rèé. Púlọ́ńbà wà ní àtìmọ́lé, ẹ̀rí wà lórí tábìlì. Kí ló kù tá à ń wá?"

Ìpẹ́kítọ̀ obìnrin kan ló jókòó níwájú rẹ̀. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sórí imú, ó tẹrí ba lé àwòrán kẹta, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé.

Abéèrè ni gbogbo àgọ́ ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó wọ yàrá kan tó jáde láìbi èèyàn ní ìbéèrè tónítọ̀hún ò retí. Àwọn ọ̀daràn kórìíra rẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ nífẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ọ̀gá, lórí afárá, ta ló ṣáájú?"

"Ṣáájú báwo?"

"Ẹ wo aago tó wà nísàlẹ̀ àwòrán. Ní oríta méjì àkọ́kọ́, agbẹ̀bí ló ṣáájú, púlọ́ńbà ń tẹ̀ lé e. Lórí afárá, púlọ́ńbà ló ti wà níwájú."

"Ó yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà ni."

"Ẹni tí ejò ń lé, ṣé ó máa ń dúró kí ejò kọjá, kó wá máa tọ ejò lẹ́yìn?"

Ọ̀gá gbé àwòrán náà sókè, ó tún gbé e kalẹ̀.

"Kí lẹ rò pé ó wà lórí ọkọ̀ púlọ́ńbà yìí, láàárín àwọn páìpù?" Abéèrè tún bi í.

"Ẹrù ni."

"Fóòmù ni. Fóòmù ìsùn tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn dì."

"Bóyá òkú ló dì sínú ẹ̀."

"Òkú ta ni, Ọ̀gá? Ẹni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ wa ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn?"

Ọ̀gá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oṣù méje ni wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun náà dé. Kámẹ́rà mọ́kànlá ló wà lórí òpó káàkiri ìlú, wọ́n ń ka nọ́ńbà gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá lábẹ́ wọn, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Alákàn ni àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́, nítorí ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ọkọ̀ mẹ́rin tí wọ́n jí ni Alákàn ti bá wọn rí, láti ìgbà náà ni Ọ̀gá ò ti lè kí èèyàn "ẹ káàárọ̀" kó má fi ẹ̀rọ rẹ̀ kún un. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló pàṣẹ fún Alákàn pé kó máa ṣọ́ ọkọ̀ agbẹ̀bí. Ibi yòówù tí kámẹ́rà bá ti rí i, fóònù ọlọ́pàá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún tó wà ní àgọ́ á ké lẹ́ẹ̀kan náà.

"Aago mẹ́rin ni àwọn oníròyìn ń bọ̀," Ọ̀gá sọ. "Ẹ lọ bá púlọ́ńbà yẹn sọ̀rọ̀. Ibi tó gbé obìnrin yẹn pa mọ́ sí nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bi í ní nǹkan míì, ẹ bi í lọ́la."

*

Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú fóònù wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Abéèrè ti tirẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ aago sínú ìwé: aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sájẹ́ǹtì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ lorúkọ tí wọ́n fún un, torí kò sẹ́ni tó gbọ́ kí ó pariwo rí. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Abéèrè ti jọ ń lo ọ́fíìsì kan. Abéèrè ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tí eékún Abéèrè ń dùn ún lọ́dún tó kọjá, Jẹ́jẹ́ ló ń bá a gun àtẹ̀gùn, òun náà ló sì ń fi ọkọ̀ ara ẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Púlọ́ńbà jókòó pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, gírísì ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀ tí kò ní lọ mọ́ láyé. Kò tíì jẹun láti àná.

"Ẹ̀gbọ́n," Jẹ́jẹ́ sọ fún un, ohùn rẹ̀ bí òwú, "kò sẹ́ni tó fẹ́ fìyà jẹ yín. Ẹ ṣáà sọ ibi tó wà fún wa. Ibi tó wà nìkan."

Púlọ́ńbà ò wò ó.

"Ṣé ó wà láàyè?"

Púlọ́ńbà ń ha gírísì abẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ṣé ó wà nílé ẹnì kan ni? Ṣé ó wà ní òdìkejì afárá? Ẹ mi orí fún mi lásán."

Ọwọ́ púlọ́ńbà di ìkúùkù, ó sì tún tú u. Abéèrè rí i. Ó yíjú sí Jẹ́jẹ́.

"Ọmọ mi, bá mi dé àdúgbò ẹ̀. Bi àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n rí i ní Ajé nígbà tó ń di ẹrù. Má kánjú."

"Ó dáa, Màmá." Jẹ́jẹ́ jáde, ó fọwọ́ rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Abéèrè fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì.

"Ọmọ mélòó ni agbẹ̀bí yẹn gbà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ?"

Púlọ́ńbà gbójú sókè. "Mẹ́ta, mà."

"Gbogbo wọn ló rọrùn?"

"Ìkẹta ò rọrùn. Dókítà ti ní kí n wá fọwọ́ síwèé pé ọ̀kan ni wọ́n máa lè gbà là nínú ìyá àti ọmọ. Agbẹ̀bí ló ní kí n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Àwọn méjèèjì wà nílé báyìí."

Abéèrè mi orí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé lásán ni, ó ní, "Ibi tó ń sùn báyìí, ṣé omi ẹ̀rọ ń yọ níbẹ̀?"

"Ó ń yọ dáadáa. Mo ti pààrọ̀ gbogbo páìpù tó wà lẹ́yìn ilé kó tó—"

Ó pa ẹnu dé. Àmọ́ ẹyin ti bọ́ lọ́wọ́, ó ti fọ́.

"Fara balẹ̀," Abéèrè sọ. "Mo ti mọ̀ kí n tó wọlé pé o ò jí i gbé. Ẹni tó ń jí èèyàn gbé kì í bá a gbé fóòmù. O bá a kó lọ ni. Ta ló ń sá fún?"

Púlọ́ńbà wo igun òrùlé, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ọwọ́ Abéèrè.

"Fóònù yín dà?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ níta."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọlọ́pàá ni."

Abéèrè dá ọwọ́ tó fi ń nu awò ojú dúró.

"Oṣù méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀," púlọ́ńbà ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Bó bá ti délé, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé láti nọ́ńbà tí kò mọ̀. 'Ọ̀nà odò lo gbà lónìí.' Ó yí ọ̀nà padà. 'Kí ló dé tó ò gba ọ̀nà odò mọ́?' Ó ra sím tuntun, ọjọ́ mẹ́ta ni àtẹ̀jíṣẹ́ fi dáwọ́ dúró, ni ìwé bá bẹ̀rẹ̀ sí í wà lábẹ́ wáípà ọkọ̀ rẹ̀ níbi tó bá páàkì sí. Ó yẹ ẹ̀yìn wò títí, kò sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e. Ìgbà tó yá ló wá yé e. Ẹni náà ò nílò àtitẹ̀ lé e. Kámẹ́rà yín ló ń bá a wò ó."

"Ta ni?"

"Kò sọ fún mi. Ó ní tí òun bá dárúkọ, màá lọ bá a jà, wọ́n á sì tì mí mọ́lé." Ó wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ wá wò ó."

Abéèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ púlọ́ńbà ò tíì sọ̀rọ̀ tán, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Aago mélòó ló lù, Màmá?"

"Ó ń lọ sí méjì."

"Aboyún kan wà ní apá ibí, nítòsí afárá, ilé tó ní géètì aláwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìbejì ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan fẹsẹ̀ ṣíwájú. Agbẹ̀bí ṣèlérí fún un pé aago mẹ́ta òní lòun ń bọ̀. Èmi ló yẹ kí n fi ọkọ̀ mi gbé e lọ, kí n sì fi ẹrù páìpù bò ó mọ́lẹ̀. Tí kò bá rí mi, á wa ọkọ̀ ara ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa fi aboyún sílẹ̀. Afárá kan ṣoṣo ló wà tí ọkọ̀ lè gbà wá síbí, kámẹ́rà sì wà lórí ẹ̀."

"Pè é nígbà náà. Màá yá ọ ní fóònù."

"Ó ti pa fóònù ẹ̀. Ibi tó ń sùn, mi ò ní sọ, bẹ́ ẹ pa mí. Ibi tó ń lọ ni mo sọ fún yín yẹn."

Abéèrè dìde. Gbogbo àgọ́ ló ń wá agbẹ̀bí, ọkàn gbogbo wọn sì mọ́, àfi ẹnì kan. Tí ọkọ̀ náà bá gun orí afárá, fóònù mẹ́rìndínlógún á ké, ọ̀kan nínú wọn á wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sá fún. Kò sì mọ èwo. Kò lè lọ bá Ọ̀gá pé kó pa ìkìlọ̀ náà, torí Ọ̀gá náà ní fóònù.

*

Yàrá tí Alákàn wà kò ní fèrèsé. Obìnrin kan ló ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Òwìwí ni wọ́n ń pè é, nítorí dígí ojú rẹ̀ tó tóbi àti òkùnkùn tó ń gbé.

"Mi ò bi ọ́ ní ẹni tí Alákàn rí," Abéèrè sọ fún un. "Ẹni tó bi Alákàn ní ìbéèrè ni mo fẹ́ mọ̀. Tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ kan láti mọ ibi tó gbà, ṣé ẹ̀rọ máa ń rántí ẹni tó béèrè?"

"Ó máa ń rántí, mà. Ẹni tó bá fi páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ wọlé, orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀, bó lo kọ̀ǹpútà, bó lo fóònù. Àmọ́ Ọ̀gá ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i."

"Fi hàn mí. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé mo fipá mú ọ."

Òwìwí tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ agbẹ̀bí. Ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò dáwọ́ dúró. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta láàárín oṣù méjì. Òwìwí ka orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó fẹsẹ̀ rọra ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó jìnnà sí Abéèrè díẹ̀.

Orúkọ Abéèrè ló wà níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Abéèrè fi ìka tọ́ka sí ìlà tó kẹ́yìn.

"Aago mélòó nìyí?"

"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Òní."

"Lọ wo ìwé tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wo ìgbà tí mo fi fóònù sílẹ̀, wo ìgbà tí mo gbà á. Màá dúró de ọ́."

Òwìwí lọ, ó padà. Ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọ̀dọ̀ Abéèrè.

"Ẹ wà nínú yàrá, mà. Fóònù yín wà nínú dúrọ́ọ̀. Ta ló mọ páásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Mo kọ ọ́ sára ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà orí tábìlì mi." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ń tì í. "Ṣé ìwọ kì í gbàgbé nǹkan ni? Ó dáa, bi mí ní ẹni tó máa ń dé ìdí tábìlì yẹn. Ọ̀gá máa ń wá jókòó níbẹ̀ tí ẹ̀yìn bá ń dùn ún. Obìnrin tó ń gbálẹ̀. Jẹ́jẹ́."

"Ta lẹ rò pé ó jẹ́ nínú wọn?"

"Èrò lásán ò lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́." Ó wo aago: méjì kọjá ìṣẹ́jú méjì. "Ṣé o lè kọ ìlà kan sínú ẹ̀rọ yìí, kó dà bíi pé kámẹ́rà rí ọkọ̀ náà níbi tí kò sí? Kí fóònù ẹnikẹ́ni má ké. Kó jẹ́ pé ẹni tó bá béèrè nìkan ló máa rí i."

Òwìwí rò ó. "Mo lè ṣe é. Níbo?"

"Ibi tó jìnnà sí afárá jù lọ. Ọ̀nà àríwá, ilé ìkẹ́rùsí tó ti di ahoro."

*

Wọ́n dúró. Òwìwí ń jẹ etí bírò. Abéèrè ò lè jókòó sójú kan, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó lè mí. Àbúrò agbẹ̀bí wà lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin tíṣà tí ẹfun ṣì wà létí apá aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tó ń ti ilé-ìwé wá jókòó síbẹ̀.

"Màmá, ṣé púlọ́ńbà ti jẹ́wọ́?"

"Kò tíì sí nǹkan tó máa jẹ́wọ́. Ṣé wọ́n fún ẹ ní nǹkan jẹ?"

"Ọlọ́pàá tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn ra bisikí fún mi. Òun nìkan ló ń gbọ́ mi dáadáa níbí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó jókòó tì mí fún wákàtí kan, ó ń béèrè àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi lè sá lọ bá, àwọn tó lè gbà á sílé."

Abéèrè dúró gbọnrangandan.

"Tó lè sá lọ bá? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Jẹ bisikí ẹ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo àgọ́ ló ń wí pé wọ́n jí agbẹ̀bí gbé. Inú igbó ni wọ́n ń wá a sí, etí odò ni wọ́n ń wá a sí. Ẹni tí wọ́n jí gbé kì í sá lọ bá ọ̀rẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló ti mọ̀ pé ó sá ni, torí òun ló ń sá fún.

Abéèrè padà wọ yàrá òkùnkùn náà, ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ ẹlòmíì. Kó tiẹ̀ jẹ́ Ọ̀gá.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ìlà tuntun yọ. Abéèrè na ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì, fóònù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dojú bolẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ń béèrè ibi tí agbẹ̀bí wà, òun sì rèé tó jókòó tó ń wò ó.

"Ó ti gbé e mì," Òwìwí sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Wọ́n gbé kámẹ́rà ọ̀nà àríwá síwájú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan kọjá, àwọn ọmọ ń ju ọwọ́ lójú fèrèsé. Ìṣẹ́jú ń lọ. Abéèrè ń rò ó pé bí onítọ̀hún ò bá wá ńkọ́? Bó bá ti fura ńkọ́, bó bá lọ dúró sí ìdí afárá?

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan sáré kọjá lábẹ́ kámẹ́rà. Alákàn ka nọ́ńbà rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń kọ ti gbogbo èèyàn. Abéèrè ò nílò kí ẹnikẹ́ni kà á fún un. Ó ti wọ ọkọ̀ náà lọ sílé ìwòsàn lọ́pọ̀ ìgbà pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún.

*

Ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí ìdúró. Kò jiyàn. Ó wo ìwé tí Òwìwí tẹ̀ jáde, ó ní, "Ẹ̀rọ mi," lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ dójú tì lọ́jà, ó sì mú fìlà rẹ̀.

Wọ́n bá Jẹ́jẹ́ láàárín àgbàlá ilé ìkẹ́rùsí tó ṣófo. Ó dúró lójú kan, ó ń wo ilẹ̀kùn tí ìpẹtà ti jẹ, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀, ó yíjú padà kíákíá, ayọ̀ wà lójú rẹ̀. Ayọ̀ náà kú nígbà tó rí wọn.

"Màmá. Mo ń tọ ipa kan ni. Ẹnì kan ní òun rí—"

"Mú fóònù ẹ wá."

Kò bá a du ú. Orúkọ Abéèrè ló wà lókè ojú fóònù náà.

"Níbo lo ti mọ̀ ọ́n?"

"Òun ló gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kó fẹ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní rárá. Mi ò bínú. Mi ò fọwọ́ kàn án rí, Màmá. Mo kàn fẹ́ máa mọ̀ pé ó délé láyọ̀."

"Ó mọ̀ pé ò ń ṣọ́ òun. Ìdí nìyẹn tí kò fi délé mọ́. Kí lo fẹ́ ṣe ká ní o bá a níbí lónìí?"

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Kò rí ìdáhùn, ìyẹn gan-an ló ba Abéèrè lẹ́rù jù.

"Ìgbà mẹ́tàlélọ́gọ́ta," ó sọ. "Orúkọ mi lo fi ń wá a."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n má dẹ́kun àtibéèrè," Jẹ́jẹ́ dáhùn. Ohùn rẹ̀ ò yí padà, ó rọ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Abéèrè yíjú kúrò, kí Ọ̀gá bá a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí gbogbo fóònù ké lẹ́ẹ̀kan náà: ti Ọ̀gá, ti dírẹ́bà, ti Abéèrè, àti ti Jẹ́jẹ́ tó wà lọ́wọ́ Abéèrè. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje. Ọkọ̀ agbẹ̀bí ti gun orí afárá. Nínú àwòrán tó wọlé, obìnrin kan di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí, ó gbójú sókè, ó ń wo kámẹ́rà náà tààrà.

Jẹ́jẹ́ na ọrùn kó lè rí i. Abéèrè fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú fóònù náà.

"Ọ̀gá," ó sọ, "ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mi ló ti rí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ má bò mí. Kí ẹ sì tú púlọ́ńbà sílẹ̀ kí àwọn oníròyìn tó dé."

*

Dírẹ́bà já a sílẹ̀ níwájú géètì aláwọ̀ ewé. Agbẹ̀bí ló ṣílẹ̀kùn fún un, obìnrin kúkúrú tó ká apá aṣọ dé ìgúnpá. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí Abéèrè sọ láìjókòó, etí rẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ aboyún tó ń kérora ní yàrá inú.

"Púlọ́ńbà ńkọ́?"

"Ó ti wà lọ́nà ilé ẹ̀."

"Ẹ ti mú Jẹ́jẹ́. Mo gbọ́." Kò fi ìdùnnú hàn. "Èèyàn mélòó ló mọ̀ pé mo wà lágbègbè yìí báyìí?"

Abéèrè fẹ́ parọ́. Kò parọ́. "Fóònù mẹ́rìndínlógún ló ké."

Agbẹ̀bí mi orí. "Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, mà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé."

Ó jókòó. Gbogbo ọkọ̀ tó bá dín eré kù nítòsí géètì ló ń mú un dìde, eékún rẹ̀ ń ké, ó tún ń jókòó. Aago márùn-ún ku díẹ̀, ọmọ kan ké. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e gùn débi pé Abéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ka bíríkì tó wà lára ògiri iwájú. Ìgbà tó ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin, èkejì ké, ohùn tiẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Agbẹ̀bí jáde lẹ́yìn ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ tutù, òórùn ọṣẹ ń jáde lára rẹ̀. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí Abéèrè.

"Àṣẹ tí ọ̀gá yín pa fún ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ti gbé e kúrò?"

"Kò tíì ṣe é. Àwọn oníròyìn ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Màá rí i pé ó ṣe é lónìí."

"Ẹ bá mi wa ọkọ̀ yìí dé àgọ́ yín. Mi ò fẹ́ jókòó sínú ẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lẹ́yìn ilé yìí, ó gba àárín àwọn ilé dé afárá onígi tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbà."

Ìbéèrè nípa ibi tó máa sùn dé ẹnu Abéèrè. Ó wo obìnrin náà tó ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì gbé ìbéèrè náà mì.

"Ẹ máa rọra," ó sọ.

"Ẹ ṣeun, mà."

Ó wa ọkọ̀ náà padà wá sí àárín ìlú bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú bọ̀. Bó ṣe kọjá ní ìdí afárá, fóònù rẹ̀ ké nínú báàgì. Ní oríta ilé ìfìwéránṣẹ́, ó tún ké. Ó mọ̀ pé ní àgọ́, nínú ilé, lẹ́nu oúnjẹ, fóònù mẹ́rìnlá míì ń ké pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ń sọ ibi tí agbẹ̀bí wà fún àwọn èèyàn. Ọ̀kan tún wà nínú àpò ẹ̀rí tí wọ́n ti dì.

Ní oríta ilé-ìwé, iná pupa dá a dúró lábẹ́ òpó. Fóònù ké. Abéèrè wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè wo kámẹ́rà, ó sì dúró de iná.